Àìsàn Kọ̀ǹpútà Abdulhakeem

"Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú."

Israel Ògúnsànyà ló pa òwe náà, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ti ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà Abdulhakeem sílẹ̀ lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Benson, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Israel, ẹ má tíì dárúkọ ikú," ni Abdulhakeem wí. "Àná lẹ bá mi fi káàdì tuntun yẹn sí i. Mo gbé e délé, ó ṣiṣẹ́. Géèmù ò dì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Mo mọ̀. Ṣebí ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi fi í sí i. Ṣùgbọ́n kí ni mo sọ fún ẹ lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn? Mo ní ọdún mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà géèmù. Mo ní kí o tà á fún ẹni tó fẹ́ máa fi tẹ̀wé, kí o fara balẹ̀ ra òmíràn. O ní rárá, àtúnṣe lo fẹ́. O wá ń fi àǹkárá tuntun lẹ àkísà."

Oṣù mẹ́rin ni Abdulhakeem fi gun ọ̀kadà, tó ń gbé èrò láti Ìgbògbò sí Benson, nínú oòrùn, nínú òjò, kí ó tó rí káàdì tòkunbọ̀ tó ń gbé àwòrán géèmù jáde yẹn rà. Kọ̀ǹpútà tuntun ìbá gbà á ní ọdún kan gbáko, kò sì ní ọdún kan lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà ní Yábàá tí wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ tó mọ géèmù bọ́ọ̀lù síṣẹ́, tí wọ́n ń sanwó oṣù fún wọn. Wọ́n ní kí ó bá àwọn díje lórí ẹ̀rọ ayélujára láti yàrá rẹ̀, kí àwọn fi dán an wò, lọ́la, ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Láti ọdún méjì tó ti jáde ní ilé ìwé gíga, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí fún un nìyẹn.

"Ta ló da tíì sínú nǹkan yìí?" ni Israel béèrè.

"Tíì kẹ̀?"

"Wá wò ó." Ó fi òwú nu ojú bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo nǹkan yòókù so mọ́. Òwú náà di dúdú. Ó fọwọ́ kan káàdì, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ihò òkè ló gbà wọlé. Bí o ṣe tàn án báyìí ni iná ti jó o. Káàdì ti lọ, bọ́ọ̀dù ti lọ. Ó ku páànù lásán."

Abdulhakeem gba òwú náà, ó gbé e sí imú. Ó ń rùn bí èéfín, ó ń rùn bí oje igi. Kò sí ọmọ ilé kéú tí kò mọ òórùn yẹn. Tàdáà ni, èyí tí àwọn àáfà fi ń kọ ẹsẹ̀ Kùránì sára wàláà. Bí wọ́n bá fi omi fọ̀ ọ́ kúrò, ó di hàǹtú, wọn a bù ú fún aláìsàn mu. Òun náà mu ún títí nígbà tí ibà ń yọ ọ́ lẹ́nu ní kékeré.

"Mò ń bọ̀," ló wí.

Sèlíátù, ìyá rẹ̀, wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fa tẹ̀sùbáà, ọkùnrin kan tó ń ta ṣájà fóònù sì jókòó tì í. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Sèlíátù ti Ẹ̀pẹ́ dé, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Bí ó ṣe rí ọmọ rẹ̀ tó gbé kọ̀ǹpútà jáde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ ló ti bá a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

"Ṣé ó ti dìde?" ló béèrè.

"Mọ́mì, ṣé ẹ wọ yàrá mi nígbà tí mo wà ní mọ́ṣáláṣí?"

"Mo wọ ibẹ̀." Ojú rẹ̀ tàn. "Mi ò fẹ́ sọ ọ́ títí yóò fi jẹ́ ni. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àáfà ìdílé wa ló fọ hàǹtú sínú ìgò fún mi."

"Ẹ sọ fún Àáfà pé kọ̀ǹpútà ni?"

"Ṣé orí mi dàrú ni? Kí wọ́n wá ní mò ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré? Mo ní ẹni tí ọmọ mi gbójú lé ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n ní kí ó mu ún lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá ẹnu ẹ̀ títí, mi ò rí i. Ihò tó fi ń mí lókè yẹn ni mo dà á sí, mo ṣe bísímílà sí i lẹ́ẹ̀mẹta."

"Màmá, ó ku fóònù tèmi o," ni ọlọ́ṣájà wí. "Kì í gbaná mọ́."

"Ìwọ lọ wá àáfà tìẹ."

Abdulhakeem kò rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ta ló sọ fún yín pé ó ń ṣàìsàn?"

"Ìwọ ni. Láràárọ̀ lo ń wí i. Mọ́mì, ó ń gbóná bí ẹni tí ibà mú. Mọ́mì, ó ń mí gúlegúle. Mọ́mì, ó tún ti dákú. Ṣé kí n máa gbọ́ ọ kí n káwọ́ lẹ́rán ni, Àkànní, ọkọ mi?"

Abdulhakeem fẹ́ pariwo, ó rántí ti àná. Bí káàdì ṣe wọlé lánàá, gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí. Ìyá rẹ̀ pè é láti Ẹ̀pẹ́ nírọ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n má bínú, òun ń ta géèmù lọ́wọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣàìsàn, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ́. Nígbà tí ara kọ̀ǹpútà yá, kò sẹ́ni tó rántí láti sọ fún un.

"Kí ni wọ́n ní ó ṣe é?" ni Sèlíátù béèrè. "Mi ò tíì dákẹ́ àdúrà níbí."

"Ẹ jẹ́ n béèrè wò."

Israel ti ń dé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà padà. "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀," ló wí. "O ò lè yá ti ẹlòmíràn fi ṣe ti ọ̀la?"

"Lọ́wọ́ ta? Àwọn èyí tí mo lè yá ò lè gbé géèmù yẹn."

Ó yọ fóònù, ó kọ̀wé sí àwọn ará Yábàá pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Wọ́n dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kò burú.

Israel nu ọwọ́, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Jẹ́ n lọ bá Màmá sọ ọ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ là á yé wọn. Lọ́jọ́ tí o bá ra òmíràn, wọ́n á tún da omi sí i."

"Wọ́n á dà á, mo mọ̀." Abdulhakeem dúró sáàárín Israel àti ilẹ̀kùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Israel, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé ogbó ló pa á."