Ọwọ́ Lábẹ́ Aṣọ Pupa

"Wọ́n ní òyìnbó Faransé yẹn wo péálì Ghanim tán, ó wá ní..."

"Ó ní kí ni?"

"Mi ò sí níbẹ̀ o. Wọ́n kàn ní bó ṣe yọwọ́ yẹn... Ẹ jẹ́ n gbẹ́nu mi dákẹ́."

"Ayédèrú ni, àbí?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Dàbínù ni Mouza, ọmọbìnrin Ghanim, ń ṣà lẹ́yìn aṣọ ìkélé nígbà tí àwọn obìnrin aládùúgbò méjì yìí ń tàkúrọ̀sọ létí kànga. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ní Muharraq, ìlú etí òkun tí wọ́n ti ń wọmi wá péálì, ohun iyebíye inú ìkarahun, a kì í fẹnu ná an. Òǹtajà àti òǹrajà á ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ pupa, ìka ni wọ́n á fi sọ iye. Ogún ọdún ni Lorán, Faransé náà, ti ń ti Páríìsì wá ra ọjà lọ́wọ́ Ghanim báyìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ kàn dúró jẹ́ẹ́ nínú ọwọ́ Ghanim, kò tẹ ìka kan. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ògbufọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ògbufọ̀ ní, "Ó ní ó dìgbà mìíràn." Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Jabr, àkọ́bí Ghanim, ló wọ omi lọ mú péálì yẹn ní ọdún kẹta sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fi okùn fà á sókè, apẹ̀rẹ̀ tó gbé kọ́ ọrùn kún fún ìkarahun, ṣùgbọ́n kò mí mọ́. Inú ọ̀kan nínú ìkarahun náà ni wọ́n ti rí péálì yìí. Lorán kò wá ní gbogbo ọdún mẹ́ta náà, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó wá rà á ni Ghanim ń dá padà: "Lorán ni mò ń dè. Ojú tó mọ ọjà ni yóò rí iṣẹ́ ọmọ mi."

Ọjọ́ kẹrin tí ìròyìn náà jáde, Ghanim di péálì náà sínú aṣọ, ó kọjú sí etí òkun. "Bó bá jẹ́ pé ohun yẹpẹrẹ ló pa ọmọ mi, kí omi gba tirẹ̀."

Mouza, tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà, sáré lọ bá Mulla Khalaf, ògbufọ̀ náà, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

"Bàbá, kí ni ọkùnrin yẹn sọ gan-an?"

"Ọmọ mi, kò ní ṣe baba rẹ lóore."

"Ṣé èyí tí wọ́n ń sọ kiri ìlú ló ń ṣe é lóore?"

 Bàbá arúgbó náà mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Omi ti dé orúnkún Ghanim nígbà tí wọ́n bá a.

"Ghanim, dúró. Àánú rẹ ló jẹ́ kí n gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀: 'Sọ fún Ghanim pé ojúlówó ni, n kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n péálì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń sìn bí adìyẹ ní Jàpáànù ni àwọn obìnrin wa ń so mọ́rùn báyìí. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. N kò ní iye kankan tí mo lè fi ìka sọ fún un, ìdí nìyẹn tí mo ṣe kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.'"