Búrẹ́dì Tí Kò Kárí

Sàrátù ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ akọ̀wé, ife tíì tó wà lórí tábìlì sì dà nù. Kò tọrọ àforíjì. Àpò ìyẹ̀fun mẹ́rin! Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ló ti kúrò ní Ìdí-Àyìn, orí àpò èlùbọ́ ló jókòó sí nínú lọ́rì títí dé Ìsẹ́yìn, kí wọ́n tó tún wá fún un ní mẹ́rin bíi ti oṣù tó kọjá.

"Ṣé èmi nìkan ni mo fẹ́ jẹ búrẹ́dì náà ni?"

Festus ni akọ̀wé ń jẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń lọ ìyẹ̀fun ló rán an wá láti máa pín in fún àwọn oníbúrẹ́dì agbègbè náà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í sì í gba rìbá, èyí gan-an ló tún dá kún ìbínú Sàrátù, torí kò rí nǹkan gidi fi bú u. Ó nu tíì kúrò lára ìwé, ó ní òun kì í pín in bó ṣe wu òun. Iye èèyàn tó wà nílùú kọ̀ọ̀kan ni ilé iṣẹ́ ń wò, bí ìjọba ṣe kà wọ́n lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó fi ìka tọ́ka sí i: Ìdí-Àyìn, irinwó èèyàn ó lé méjìlá.

Irinwó! Àwọn ọmọ iléèwé wọn nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agboolé Alápó nìkan, wọ́n lé ní ọgbọ̀n tó ń jẹun nínú ìkòkò kan. Ìyẹ̀fun yìí kì í jẹ́ kí òun ṣe búrẹ́dì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lóṣù. Ní ọjọ́ tó kù, ààrò á tutù, àwọn tó fẹ́ ra búrẹ́dì á gun kẹ̀kẹ́ gba ìlú mìíràn lọ. Ràmọ́nì ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ààrò náà kó tó kú, amọ̀ inú ọ̀gán ló fi mọ ọ́n. Bó bá rí báyìí di Iléyá, yóò pa ààrò náà tì, òun àti Kíkẹ́ ọmọ rẹ̀ yóò sì wá ibòmíràn gbà.

"Ta ló ka irinwó yẹn? Ṣé afọ́jú ni?"

"Mà, ohun tí ẹ sọ fún wọn ni wọ́n kọ sílẹ̀," ni Festus wí. "Wọ́n sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti àná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà yín pé."

Sàrátù bú Festus, ó bú ilé iṣẹ́, ó bú ìjọba. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé àpò mẹ́rin òun sọ́kọ̀. Lọ́rì ò tíì kúrò ní Ìsẹ́yìn tó fi tún bú baba Festus, tí kò mọ̀ rí.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ Ìdí-Àyìn ló rí àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń ti ìlú bọ̀, tí wọ́n ń yà sójú ọ̀nà oko. Ọmọ wà lẹ́yìn wọn, ọmọ wà lọ́wọ́, àwọn ọmọ tó gbọ́njú díẹ̀ ru ẹní àti ìkòkò. Kò sẹ́ni tó mú àdá, kò sẹ́ni tó gbé agbọ̀n. Sàrátù mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ó ní kí dírẹ́bà dúró.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì dínà fún wọn. Ó ní òmùgọ̀ ni wọ́n. Ó ní oúnjẹ ẹnu ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé lọ fún ọmọ ìlú mìíràn yìí, àti pé ẹni tó bá sá fún akànìyàn lónìí kò gbọdọ̀ wá síwájú ààrò òun láé. Àpọ́nlé, tó ń din àkàrà nítòsí iléèwé, ló sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá Kíkẹ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kó wa lọ sóko nígbà yẹn?"

Sàrátù rẹ ọwọ́ tó fi dínà sílẹ̀.

Òótọ́ ni. Lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ méjì tẹ̀léra ni, Kíkẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ní àlejò kan ń bọ̀ wá ka ọmọ, ara rẹ̀ kò gbà á. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Owó orí làwọn ọkùnrin ń sá fún. Ikú lòun ń sá fún ní tirẹ̀. Òun ló ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, òun ló sì ṣíwájú, tòun ti Kíkẹ́ lẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ahéré. Àwọn arúgbó nìkan ni wọ́n fi sílé, wọ́n sì padà dé tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni tó ti ja àjàṣẹ́gun. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ìbínú tó gbé ti Ìsẹ́yìn bọ̀ kò rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹlòmíràn tó máa dà á lé lórí mọ́.

"Ẹ dúró dè mí nídìí igi òrí yìí," ló rí sọ. "Bí mo bá pẹ́ jù, kẹ́ ẹ máa lọ."

Nígbà tó délé, Tíṣà Jẹ́ẹ́dé, tí ìjọba mú ṣe akànìyàn, ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá lórí itan. Ìyá Ràmọ́nì, ìyá ọkọ Sàrátù, sì ti sọ fún un pé èèyàn méjì ló ń gbé ilé náà. Ẹ̀yìnkùlé ló rán Kíkẹ́ lọ pé kó sá pamọ́ sí.

"Mẹ́ta ni wá," ni Sàrátù wí. "Kíkẹ́, bọ́ síta."

Kíkẹ́ jáde, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀. Ìyá àgbà di apá ọmọ náà mú. Ó bi Sàrátù bóyá ọmọ kan ṣoṣo tó kù sílẹ̀ yìí náà ló fẹ́ kí wọ́n kà pa.

"Ìyá, àwọn méjì tó lọ ńkọ́? Ta ló kà wọ́n?"

Ìyá àgbà jọ̀wọ́ apá Kíkẹ́. Tíṣà kọ orúkọ ọmọ náà, Sàrátù kò sì gbójú kúrò lára Kíkẹ́ títí ó fi kọ ọ́ tán. Kò sí ohun tó ṣe ọmọ náà.

Ọgọ́ta búrẹ́dì kéékèèké ni Kíkẹ́ fi ìyẹ̀fun tó ṣẹ́kù ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Sàrátù kó gbogbo rẹ̀ sórí tíréè, ó gbé e rù, ó ní kí Tíṣà máa bọ̀. Lójú ọ̀nà ló ṣàlàyé fún un pé àwọn obìnrin yẹn kò ní jẹ́ kó ka ọmọ àwọn. Kó má kà wọ́n. Búrẹ́dì ni kó máa kà. Ọmọ tó bá gba ọ̀kan, kó rọra bi ìyá rẹ̀ ní orúkọ ọmọ náà àti ilé tó ti wá. Tíṣà ní wọn kò kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀. Sàrátù ní wọn kò ní ọgbọ́n tó láti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ṣì wà nídìí igi òrí. Àpọ́nlé wo tíréè, ó wo Tíṣà, ó wo ojú Sàrátù pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ti ọmọ rẹ̀ síwájú. Ọmọ náà gba búrẹ́dì, ìyá rẹ̀ sọ orúkọ. Òmíràn gbà, òmíràn sì gbà. Òórùn búrẹ́dì tuntun ti kó sí afẹ́fẹ́, ni àwọn tó ti lọ síwájú bá ń padà bọ̀ láti inú koríko gíga, àwọn ọmọ ń sáré ṣáájú ìyá wọn. Sàrátù kò wo ojú ẹnì kankan. Ọwọ́ ló ń wò, ọwọ́ kéékèèké, eléruku, ó ń fi búrẹ́dì sí i, òmíràn sì tún ń nà wá. Lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, iye ọwọ́ wo lòun kó pamọ́ sínú koríko yìí?

Ó na ọwọ́ sórí tíréè, kò kan nǹkan kan.

Tíṣà Jẹ́ẹ́dé gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Ìyá Kíkẹ́, ó ti tán."

Sàrátù sọ tíréè kalẹ̀. Ọwọ́ ṣì nà sí i níwájú, ọwọ́ nà sí i lápá òsì, wọ́n sì ń pọ̀ sí i.

"Kò tíì tán," ló wí. "Ẹ máa kọ orúkọ wọn lọ."