Yẹ́ẹ̀sì, Tẹ́ńkíù

Ìròyìn náà fi ọjọ́ kan pẹ́. Ẹnu Tíṣà ló gbà wá, Tíṣà fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ìròyìn ni òun ń sọ.

Wọ́n wà nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́. "Àdúgbò Wa" ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Tíṣà ti fi téèpù funfun la títì sórí ilẹ̀, oníkálukú sì ti gbé páálí òfìfo wá láti ilé. Páálí ọṣẹ di ilé ìwòsàn, páálí bísíkíìtì di báńkì, páálí bàtà di àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ìyẹn bá a mu," ni Wẹ́dà wí, ọkùnrin tó máa ń jó irin mọ́ irin láàárọ̀, tó sì máa ń da kíláàsì rú nírọ̀lẹ́. "Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá èèyàn wọbẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àǹtí Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ní láti dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó rí páálí tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti dà bíi fèrèsé tí ooru omi gbígbóná bò. Ti òsì ti ń tẹ̀ lé e. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí kí ilé ìwòsàn pè é fún iṣẹ́ abẹ. Bí ojú yìí bá lọ, iṣẹ́ ìránṣọ lọ nìyẹn, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ní báyìí, àtàǹpàkò ló fi ń wá etí aṣọ lábẹ́ ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ sì ti gún un débi pé kì í pariwo mọ́. Nítorí tirẹ̀ gan-an ni Tíṣà ṣe fi ilé ìwòsàn sínú ẹ̀kọ́ náà, kó lè mọ ohun tó máa gbọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é.

Tíṣà gbé fóònù onírọ́bà kan sétí, ohun ìṣeré ọmọdé, ó sì na irú rẹ̀ kan sí Wẹ́dà. Ó sọ Gẹ̀ẹ́sì wàràwàrà, ó ń gba imú sọ ọ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó dánu dúró, Wẹ́dà na ọrùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

"Yẹ́ẹ̀sì. Tẹ́ńkíù."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ohun tí Tíṣà kọ́kọ́ kọ́ wọn nìyẹn: ẹnikẹ́ni tó bá pè, ẹ dá a lóhùn bí ọmọlúàbí.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí. "Àmọ́ kí ni mo sọ?"

"Ẹ kí mi, ẹ sì ní kí n bá yín kí ìyàwó mi."

"Irọ́ ńlá! Mo ní: àyè kan ti ṣí sílẹ̀. Ẹ wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ má jẹun kẹ́ ẹ tó wá. Bẹ́ ẹ ò bá yọjú, ẹlòmíì la máa fún."

Ọwọ́ Àǹtí Aránṣọ dákẹ́ lórí itan rẹ̀. Ó mọ ohùn yẹn. Ó mọ bó ṣe gòkè, bó ṣe já wálẹ̀, bó ṣe dúró díẹ̀ kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀. Níjẹta, òun wà nídìí ẹ̀rọ, ọkọ òun ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, fóònù dún. Ọkọ na ọwọ́ sí i. Àǹtí Aránṣọ gbá ọwọ́ náà dànù, ó na ọrùn, ó ní, "Yẹ́ẹ̀sì. Tẹ́ńkíù." Inú rẹ̀ dùn débi pé orin ló ń kọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Òun náà ti bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì!

Wọ́n ní kó wá lọ́la. Ọ̀la yẹn sì ni àná.

Ó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá páálí ilé ìwòsàn, ó yí gbiri sórí títì.

"Àǹtí, ṣé kò sí wàhálà?"

"Wọ́n ti pè mí, Tíṣà. Mo sì dá wọn lóhùn dáadáa, bẹ́ ẹ ṣe kọ́ wa gẹ́lẹ́."

Tíṣà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àbúrò Àǹtí Aránṣọ lọ, gbá fóònù onírọ́bà mọ́ àyà. "Mo kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa dáhùn," ló wí jẹ́jẹ́. "Mi ò kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa sọ pé kò yé yín."

Orí àtẹ̀gùn ni Tíṣà ti kọ́ ọ ní ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń sáré sọ̀ kalẹ̀, Tíṣà ń pe Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Àǹtí Aránṣọ ń pè é tẹ̀ lé e, èémí ń gé e sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti páàkì ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ sísàlẹ̀, níbi tó ti máa ń dúró dè é. Dírẹ́bà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ́ bá a ṣe yẹ̀yẹ́.

Dírẹ́bà kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán tó fi ṣáná sọ́kọ̀, ó kọrí sí ilé ìwòsàn.

"Mo nawọ́ sí fóònù yẹn àbí mi ò nawọ́?"

"Ẹ nawọ́."

"Kí lo ṣe fún ọwọ́ mi?"

"Mo gbá a dànù."

"O ṣeun. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá pè, èmi ni wàá gbé e fún. Kíláàsì yìí náà, ó tó gẹ́ẹ́."

Tíṣà, tó há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ń wo iwájú bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Fóònù onírọ́bà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rántí gbé e sílẹ̀. Gbogbo iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì ló ń pọ́n mọ́ wọn. Lójú Àǹtí Aránṣọ, iná kọ̀ọ̀kan tóbi bí ọsàn tí wọ́n rẹ sómi. Ó ń fi àtàǹpàkò wá etí síkáàfù rẹ̀, ó ń wá a láti igun dé igun. Bóyá wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Bóyá ẹnì kan ti jókòó síbì kan báyìí, tí wọ́n fi òwú funfun bò ó lójú, ojú tó yẹ kó jẹ́ tòun.

Wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ ẹni tó ń nu ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú omi olóòórùn líle. Lẹ́yìn gíláàsì kan tí wọ́n dá ihò sí, ọkùnrin kan tó gbé awò ojú lé iwájú orí ń palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́.

Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ débẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ojú títì ló mọ̀: ọ̀tún, òsì, dúró, ó kù díẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ kún un. Ọkùnrin náà dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn.

"Yẹ́ẹ̀sì," ni Dírẹ́bà wí.

Ọkùnrin náà ṣàlàyé sí i, ó wá béèrè nǹkan kan.

"Yẹ́ẹ̀sì, yẹ́ẹ̀sì. Tẹ́ńkíù." Dírẹ́bà yí padà, ó ń fa etí fìlà rẹ̀.

"Kí ló wí?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Kò sí wàhálà. Wọ́n máa pè wá."

"Nígbà wo?"

"Mo ní wọ́n máa pè!"

Kò rí ojú ọkọ rẹ̀ kedere, àmọ́ ohùn náà kò ṣàjèjì sí i. Ohùn tirẹ̀ ni, ti ìjẹta, nídìí ẹ̀rọ.

"Dírẹ́bà, kò yé yín."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Yẹ́ẹ̀sì yín ló sọ fún mi."

Tíṣà ti ń kọjú sí gíláàsì, ó fẹ́ bá wọn sọ ọ́. Àǹtí Aránṣọ di apá rẹ̀ mú. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ débẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ihò náà. Ó sọ ohun tó kọ́ lórí àtẹ̀gùn: pé kò yé òun, kí wọ́n jọ̀ọ́, sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọkùnrin náà fa awò ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀la. Àárọ̀. Ẹ má jẹun. Ìyẹn yé e láìsí ẹni tó tú u fún un. Àyè tún wà! Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà fi ìka la ojú ara rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Àǹtí Aránṣọ ní kò yé òun. Ọkùnrin náà tún un sọ. Kò yé e síbẹ̀. Ó wo Tíṣà.

"Wọn ò ní kùn yín lóorun," ni Tíṣà wí. "Ojú yín máa là sílẹ̀, dókítà á máa bá yín sọ̀rọ̀: ẹ wòkè, ẹ wolẹ̀, ẹ má mira. Wọ́n fẹ́ ẹnì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹnì kan péré. Bí kò bá sí, wọ́n á fún ẹlòmíì láyè náà. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni náà báyìí."

"Èmi ni," ni Dírẹ́bà wí lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí fìlà. "Èmi lọkọ rẹ̀. Látìgbà tá a ti dé ìlú yìí, èmi ni mò ń bá a sọ̀rọ̀ níbi gbogbo."

Irọ́ kọ́. Ní báńkì, lọ́dọ̀ onílé, níbi tí wọ́n ti ń ta òwú, òun ló ń bá a sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò sì tíì ronú rí iye ìgbà tó jẹ́ pé yẹ́ẹ̀sì lásán ni. Ní báyìí ó fojú inú rí i: dókítà á sọ̀rọ̀, ọkọ òun á mi orí, irin mímú á sì wà lójú òun.

Ó wo ọ̀dọ̀ Tíṣà. Tíṣà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, òun á wá. Bíírò ọkùnrin ẹ̀yìn gíláàsì ń dúró lórí ìwé. Omi ìnulẹ̀ ti dé ẹsẹ̀ wọn.

Ó wá ọwọ́ ọkọ rẹ̀, èyí tó gbá dànù níjẹta, ó dì í mú.

"Ọkọ mi," ló wí, "Tíṣà ló máa bá mi wọlé lọ́la. Ẹ̀yin ò ní wọlé. Ẹ máa jókòó síta, kẹ́ ẹ dúró dè mí."