Ṣíbí Tó Jẹ́rìí Níwájú Ìgbìmọ̀ Ikùn

Oorun ọ̀sán ló gbé mi lọ lánàá, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Àlá tí mo sì lá níbẹ̀, àyà mi ṣì ń já títí di ìsinsìnyí.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé dókítà ní kí ìyàwó mi dá ọmú dúró nítorí oògùn tó ń lò. Mílíìkì inú agolo ni Ìkẹ́olúwa, ọmọ oṣù mẹ́ta, ń mu. Agolo mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti dán wò, ikùn rẹ̀ kàn ń le sí i ni. Ó ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ó ń ké, ọjọ́ kẹrin sì nìyí tí kò yàgbẹ́. Mo ti ka èròjà ara agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni ń yẹ àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ wò, síbẹ̀ n kò mọ èyí tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Bí mo ṣe gbórí lé àga, mo bá ara mi ní Ilé-iṣẹ́ Tó Ń Rí sí Ikùn Ọmọ Ọwọ́. Ilé alájà mẹ́rin ni, ó ń léfòó lókè ìgò ọmọ kan tó tóbi tó táńkì omi. Rọ́bà ẹnu ìgò náà ni mo gùn wọlé. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé n kò wọ bàtà.

Ìkẹ́olúwa wà lórí tábìlì níwájú ìgbìmọ̀.

"Bàbá ọmọ," ni ọ̀gá àgbà wí, "bí aago bá lù kí ẹ tó mú agolo tó tọ́, ìjọba yóò gba ikùn yìí padà."

Mo yára pe agolo kìíní.

"Èmi ni mo rọ ọmọ lọ́rùn jù," ló wí.

"Ẹ̀rí dà?"

"Ẹ wo ọmọ tó wà lára mi, ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ṣé mílíìkì rẹ ló mu?"

Agolo wo ilẹ̀. "Ọmọ ayàwòrán ni, sà. Ọmú ìyá rẹ̀ ló ń mu."

Mo yíjú sí ọ̀gá àgbà kí n lè tako ẹ̀rí yìí, àfi bí irùngbọ̀n ṣe hù lágbọ̀n rẹ̀, tí ìwo méjì gba inú fìlà rẹ̀ yọ. Ó ti di ewúrẹ́. Gbogbo ìgbìmọ̀ àti akọ̀wé obìnrin wọn náà ti di ewúrẹ́, akọ̀wé sì ń jẹ fáìlì wa.

"Fáìlì yìí kò níyọ̀," ni akọ̀wé wí.

"Ẹ má bínú, mà," ni mo dá a lóhùn.

"Mílíìkì tèmi wá ńkọ́?" ni ó tún bi mí.

"Ẹ ṣeun, mà, ṣùgbọ́n kò tíì yẹ ọmọ oṣù mẹ́ta."

Ni ohùn tín-ín-rín kan bá dún nínú agolo. Ṣíbí ló jáde, ó ń gbọn ìyẹ̀fun mílíìkì kúrò lára.

"Sà, agolo mẹ́ta lẹ ti pààrọ̀. Ṣé ẹ pààrọ̀ ọwọ́ tó ń wọn mílíìkì? Òkìtì ni wọ́n ń dì lé mi lórí. Ẹ ka èròjà, ẹ ò ka bí wọ́n ṣe ń pò ó. Ara agolo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí orí mi tẹ́jú! Omi inú ìgò yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrẹ̀."

"Háà!" ni gbogbo ewúrẹ́ ké. "Ọwọ́ ta ni?"

Ọwọ́ kan nà sókè láàárín gbọ̀ngàn. Mo wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni.

Aago bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Mo ta jí. Aago mẹ́rin ni. Ìyá ìyàwó mi ń pè láti ilé ìdáná:

"Bàbá Ìkẹ́, mo ti po ti aago mẹ́rin o! Mo bù ú kó ga dáadáa, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, kó lè yó."

Mo sáré gba ìgò náà lọ́wọ́ wọn, mo dà á nù. Mo bu mílíìkì mìíràn, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé òkìtì orí ṣíbí kó tẹ́jú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí ewúrẹ́ aládùúgbò wa láti ojú fèrèsé, níbi ààtàn. Ó ti bó bébà ara agolo àkọ́kọ́. Ibi tí wọ́n kọ bí a ṣe ń po mílíìkì sí nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń wò mí bó ṣe ń jẹ ẹ́.