Ta Ló Pọn Táyé?

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, ẹ yáa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí òfófó tí mo gbé wá lónìí, ọbẹ̀ á jóná lé e lórí. Ọ̀rọ̀ ilé ara mi sì ni o, kì í ṣe ti ará àdúgbò, kò sẹ́ni tó lè ní mo parọ́ mọ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má baà sọ ọ́ lẹ́yìn mi: òjòwú ni mí. Mo jowú nígbà yẹn, mo ṣì ń jowú báyìí. Ọlọ́run ló dá a mọ́ mi.

Abọ́sẹ̀dé ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi pátápátá, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni mo ti rí ọkọ fẹ́, Akínpẹ̀lú, tó jẹ́ tíṣà. A wá ọmọ títí, ọmọ ò wá. Làwọn ẹbí ẹ̀ bá lọ mú Victoria wá fún un. Ọmọge, eyín funfun báláú. Mo ní kò burú. Inú mi ń hó bí ọṣẹ. Kò pẹ́ kò jìnnà, Victoria bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, wọ́n jọra bí ìgbà téèyàn wo dígí.

Ẹ wá wo nǹkan! Tíṣà di Bàbá Ìbejì. Victoria di Ìyá Ìbejì. Èmi tí mo ti wà nílé ṣáájú gbogbo wọn, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè mí? Ìyálé Ìyá Ìbejì. Àní inú orúkọ ẹ̀ ni mò ń gbé, bí ayálégbé.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò sùn. Ìbejì méjì, ẹ̀yìn kan ni ìyá wọn ní. Tó bá pọn Kẹ́hìndé, ta ló máa pọn Táyé? Èmi ni. Látìgbà tí ọrùn wọn ti le, ẹ̀yìn mi ni Táyé ń sùn. Mo ní ọ̀já kan, aláwọ̀ ewé, tó bá ti rí i báyìí, á máa fò sókè. Tí mo bá pọ̀n ọ́n lọ sí ọjà Akẹ̀sán, àwọn tí ò mọ̀ mí á ní, "Ìyá Ìbejì, ìkejì dà?" Mi ò kì í wí nǹkan kan. Ṣé orí mi dàrú ni tí màá fi wí?

Victoria náà rí i, òun náà ń jowú, ẹ má jẹ́ kí eyín funfun tàn yín jẹ. Láàárọ̀ Sátidé ọdún Àjíǹde, ní 1987, àwa méjèèjì fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá Tíṣà ní Awẹ́. Bí mo ṣe na ọ̀já báyìí, Táyé fi ìyá ẹ̀ sílẹ̀, ó ń tẹ̀ gọ́lọ́-gọ́lọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ló bá ní, "Màmá!" Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pe ẹnikẹ́ni nìyẹn. Èmi ló pè.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn pọ̀ díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Victoria ní, "Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀ lónìí. Ẹ bá wa gbé ẹrù."

Mo ní, "Ta ló wá máa pọ̀n ọ́n? Àbí o fẹ́ di méjèèjì pọ̀ bí igi ìdáná ni?"

"Ọmọ mi ni, Ìyá. Màá mọ bí màá ṣe ṣe é."

Ó pọn Kẹ́hìndé, ó gbé Táyé sápá, ó ń làágùn títí a fi dé gáréèjì Òwódé. Èmi gbé iṣu rù, mò ń tẹ̀ lé e bí alábàárù. Nígbà tá a débẹ̀, mo sọ iṣu kalẹ̀, mo lọ bá awakọ̀ kan dúnàádúrà lórí iye tó máa fi gbé wa àti ẹrù wa dé Awẹ́. Nígbà tí mo máa padà dé, Kẹ́hìndé ń bẹ lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Táyé ò sí.

"Ìyàwó, Táyé dà?"

Ó wò mí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ló bá káwọ́ lérí, ó figbe ta: "Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi! Ẹ gbé ọmọ mi dà? Ẹ gbà mí o, ìyálé mi ti gbé ọmọ mi lọ!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo na ọwọ́ mi méjèèjì síta kí wọ́n rí i pé òfìfo ni.

Gbogbo ìlú dìde. Àwọn ọdẹ wọ igbó. Àwọn ọlọ́pàá dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà Ìlorà àti ti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń tú àpò, wọ́n ń yẹ abẹ́ àga wò. Gbọ́mọgbọ́mọ, lójú tiwa nígbà yẹn, ọkùnrin ni, ojú ẹ̀ á pọ́n, á gbé àpò kọ́ èjìká. Ọkùnrin kan tó gbé àpò àgbàdo jẹ ìyà lọ́jọ́ náà, wọ́n tú u, àgbàdo lásán ni wọ́n bá. Ta ló máa wá dá obìnrin tó pọn ọmọ dúró? Kí lẹ fẹ́ bi í? Ẹ máa ní "Ẹ kú ọmọ o" ni, ẹ máa yà fún un kó kọjá.

Sájẹ́ǹtì Nùrẹ́nì ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Ó pè mí jókòó.

"Ìyá, ẹ ò bímọ?"

"Mi ò bí."

"Ẹ máa ń jowú ìyàwó yín?"

"Sájẹ́ǹtì, ìyàwó mélòó lẹ ní?"

"Méjì."

"Èwo nínú wọn ni kì í jowú?"

Ó fi bírò họ orí. Kò tì mí mọ́lé, torí awakọ̀ yẹn wá jẹ́rìí pé ọwọ́ lásán ni mo gbé wá bá òun. Ṣùgbọ́n ìyá Tíṣà ò nílò ẹlẹ́rìí. Ó wá láti Awẹ́, ó jókòó sí pálọ̀ wa, ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Mo wo Tíṣà. Tíṣà ń wo ilẹ̀. Ilẹ̀ náà ló ń wò títí mo fi di ẹrù mi, tí mo padà sílé bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe lílé tí wọ́n lé mi ló dùn mí jù. Victoria lè jókòó síta sunkún Táyé, kí àwọn èèyàn máa dì í mú, kí wọ́n máa ní "Pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á dá a padà." Èmi tí òórùn ọmọ náà ṣì wà lára ọ̀já mi ńkọ́? Tí n bá sunkún, wọ́n á ní ẹkún ẹ̀tàn ni. Ẹ wo bí owú ṣe burú tó: mo jowú ẹkún.

Ó tó ọdún kan. Mo ń gbọ́ pé gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ń rà fún Kẹ́hìndé, méjì-méjì ni wọ́n ṣì ń rà á, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ìbejì. Á wọ ọ̀kan, ìkejì á wà nínú àpótí. Mo tún gbọ́ pé Kẹ́hìndé kọ̀, kò jẹun mọ́, ó ń rù. Ni wọ́n bá gbé e wá sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo wà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà bàbá mi? Victoria, òun àti ọmọ. Ó ti gbẹ. Eyín funfun nìkan ló kù.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, kò jẹ lọ́wọ́ mi. Ó kàn ń pe Màmá, Màmá. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń pè."

Inú mi dùn, inú mi bà jẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mú ọ̀já aláwọ̀ ewé, mo gbé Kẹ́hìndé pọ̀n, mo ní kí Victoria padà sí ọsibítù lọ sinmi, èmi á gbé e bọ̀. Mo forí lé àdúgbò Takie lọ ra búrẹ́dì tó gbóná, bóyá á jẹ ẹ́.

Ìyá oníbúrẹ́dì tí wọ́n ń pè ní Àṣàkẹ́ kàn rí wa ni, ó pàtẹ́wọ́. "Áà, Precious! Ta ló pọ̀n ọ́ lónìí? Mọ́mì ẹ dà?"

Mo ní, "Ta ni Precious?"

"Ẹ má bínú o. Ọmọ Martha aránṣọ ni mo pè é. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ rèé, imú ẹ̀ rèé, àfi pé eléyìí rù! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí ni."

"Martha yẹn, òun ló bí i?"

"Ó ní Jọ́ọ̀sì lòun bí i sí, lọ́dọ̀ ọkọ òun. Ojú obìnrin yẹn ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ ọmọ kí Ọlọ́run tó dá a lóhùn. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lódìkejì yẹn."

Mo sọdá títì lọ síbẹ̀. Lábẹ́ tábìlì máṣíìnì, Táyé jókòó, ó ń fi àjákù aṣọ ṣeré. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ó sanra. Wọ́n di irun ẹ̀ ní ṣùkú, ara ẹ̀ ń dán. Obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń tẹ máṣíìnì, ó ń dá orin fún un, ọmọ náà ń gbe orin. Owú gbé mi! Kí ló dé tí kò dọ̀tí? Kí ló dé tí kò rù, kí n lè kórìíra obìnrin yìí kó tẹ́ mi lọ́rùn? Kẹ́hìndé nawọ́ sí i láti ẹ̀yìn mi, bí ẹni tó rí ara ẹ̀ nínú dígí.

Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbé e. Ṣùgbọ́n mo rò ó: tí mo bá fọwọ́ kan ọmọ yìí, tí ẹnì kan bá pariwo, ọwọ́ ta ni wọ́n máa ti bá a? Ọwọ́ ìyálé! Ìyá Tíṣà á fi kọrin títí ayé. Mo ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, sábẹ́ ìdí Kẹ́hìndé, mo dì í mú gírígírí. Mo ní kí Àṣàkẹ́ bá mi sáré pe ọlọ́pàá, kó pe Victoria ní ọsibítù. Mo dúró níbẹ̀ bí òpó, mò ń wo ọmọ mi, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́, Sájẹ́ǹtì Nùrẹ́nì dé, Tíṣà dé. Wọ́n gbé ọmọ méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni tó tún béèrè bóyá ìbejì ni wọ́n. Martha ò jiyàn. Ó kàn ń sunkún.

Sájẹ́ǹtì ní, "Báwo lo ṣe jí ọmọ gbé lọ́wọ́ ìyálé yìí?"

Martha wò mí. Ó ní, "Èyí kọ́. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n." Ó nàka sí Victoria. "Ìyá ẹ̀ ló gbé e fún mi. Ó ní, 'Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi pọ̀n ọ́n, apá ń ro mí.' Mo ní ṣé kò sẹ́ni tí wọ́n jọ wá ni. Ó ní ìyálé òun ń bọ̀, ó sàn kí èmi pọ̀n ọ́n ju kí ìyálé òun tún pọ̀n ọ́n lọ. Ó ní kí n bọ́ sẹ́yìn mọ́tò, kó má baà rí wa. Ọmọ sùn mọ́ mi lẹ́yìn. Oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́ lára mi ni, sà. Bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́ ń pe èrò. Ni mo bá wọlé."

Victoria ti wà nílẹ̀ gbalaja.

Tíṣà dìde. Ó ní, "Victoria, lọ sílé bàbá rẹ. Abọ́sẹ̀dé, gbé àwọn ọmọ rẹ, ká lọlé."

Àwọn ọmọ RẸ. Ó sọ ọ́ síta, lójú ọlọ́pàá. Ṣé ẹ gbọ́? Gbogbo ohun tí owú mi ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn.

Wọ́n rán Martha lẹ́wọ̀n. Èmi kó ìbejì délé ní Ọ̀yọ́. Aṣọ inú àpótí yẹn bá Táyé mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n ara ilé ò bá a mu. Ó ń sunkún Mọ́mì. Kẹ́hìndé ń sunkún Victoria. Tí mo bá na ọ̀já sí Táyé, á sá lọ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á máa gbọ̀n. Títí dòní, kò fẹ́ràn ọ̀já, àwọn ọmọ tóun náà bí, àyà ló ń gbé wọn sí. Mo fi Kẹ́hìndé sẹ́yìn, mo gbé Táyé sí àyà, mò ń rìn káàkiri pálọ̀. Àwọn méjèèjì ń ké. Kò sí èyí tó ń pè mí níbẹ̀.

Ni mo bá wọ mọ́tò lọ sí Ìlorà, sílé bàbá Victoria.

"Dìde, à ń lọlé."

"Ìyá, ẹ ti dárí jì mí?"

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ ìdáríjì? Ẹ̀yìn kan ni mo ní. Wá pọn tìẹ. Ṣùgbọ́n o máa kọ́kọ́ fẹnu ara ẹ sọ fún ìyá Tíṣà pé ìwọ lo gbé e fún Martha."

Ó sọ ọ́, lójú gbogbo àdúgbò. Ìyá Tíṣà ní òun ò pe ẹnikẹ́ni lájẹ̀ẹ́ o, òwe lásán lòun pa.

Tíṣà ti lọ sinmi báyìí. Èmi àti Victoria ló kù nínú ilé. Martha ti jáde lẹ́wọ̀n tipẹ́, ó ti darúgbó, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣì wà. Gbogbo ọdún Kérésì ni Táyé máa ń lọ kí i, á kọ́kọ́ yà ní Takie ra búrẹ́dì. Mọ́mì ló ń pè é. Èmi àti orogún mi á gbé àga síta, a ó máa wo títì.

Victoria á ní, "Ìyá, ó mà ti pẹ́ o. Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń sọ níbẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni mo wà níbẹ̀?"

"Ẹ rò pé ó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ju bó ṣe ń rẹ́rìn-ín níbí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè tó wà nínú tèmi náà nìyẹn.

Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín. Ká ní ẹ̀yin ni ọkọ gbé ọmọ méjèèjì lé lọ́wọ́ lójú ayé, ṣé ẹ máa wọ mọ́tò lọ mú orogún yín wálé? Táyé tó ń gbé búrẹ́dì lọ fún ẹni tó jí i gbé yẹn ńkọ́, ẹ máa jẹ́ kó lọ? Ẹ sọ òótọ́ o. Ẹ má ṣe bí ẹni mímọ́ fún mi.