Tọ́ọ̀ṣì Ojú-Ayé

"Ẹ bá mi fa kọ́tìnì yẹn dé, ká lè rí iná náà dáadáa," ni alága ìgbìmọ̀ wí.

Akọ̀wé fà á dé. Yàrá ìpàdé ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, àfi ìlà oòrùn tín-ínrín kan tó gba àárín kọ́tìnì wọlé. Ọ̀gá sítọ́ọ̀ dìde. Tọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ló wà níwájú rẹ̀, eruku òkúta ojú irin ṣì wà lára rẹ̀. Ní òdìkejì tábìlì, opó olóògbé jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń rin ojú irin lálaalẹ́, tó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkọ̀ ìdájí tó kọjá. Ọkọ̀ ìdájí náà ló pa á. Awakọ̀ ní òun kò rí iná kankan níwájú.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún ìgbìmọ̀: ṣé tọ́ọ̀ṣì ló kú mọ́ olóògbé lọ́wọ́ ni, àbí òun fúnra rẹ̀ ló pa á kó lè rí oorun sùn? Bó bá jẹ́ ẹjọ́ tọ́ọ̀ṣì, opó àti àwọn ọmọ yóò máa gbé inú ilé iléeṣẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ ẹjọ́ oorun, kí wọ́n jáde.

"Ọkọ mi kì í sùn lẹ́nu iṣẹ́," ni opó náà wí. "Nílé gan-an, bí ewé bá já lulẹ̀, ó ti jí."

"A ti gbọ́ tiyín, màdáámú. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti tọ́ọ̀ṣì."

Ọ̀gá sítọ́ọ̀ gbé e. Ó fúyẹ́ bí ohun ìṣeré ọmọdé. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ wúwo, iná rẹ̀ pọ́n, kò mọ fáàrí, ṣùgbọ́n ó máa ń bá èèyàn ṣọ́ òru títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá Àgbà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Tuntun yìí funfun báláú, àmọ́ kí òru tó jinlẹ̀ ló ti ń ṣẹ́jú. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ojú-Ayé.

Ta ló yàn án? Ọ̀gá sítọ́ọ̀ náà ni. Òun ni wọ́n ní kó fi àwọn méjèèjì wéra. Ó tàn wọ́n pọ̀ láàárọ̀, ó kọjú wọn sí ògiri, ó ti ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa wọ́n, kálukú á tàn títí bátìrì rẹ̀ yóò fi tán. Nígbà tó fi ti ìdí oúnjẹ ọ̀sán dé, Ojú-Ayé ti kú. Ìyá Àgbà ṣì ń wo ògiri. Ọ̀gá sítọ́ọ̀ dúró síbẹ̀, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó nawọ́, ó pa Ìyá Àgbà, ó sì lọ jíṣẹ́ lókè pé tuntun ló borí. Oníṣòwò tó kó tuntun náà wá ti bá a fi páànù bo ilé tó ń kọ́. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

"Ẹ tàn án," ni alága wí.

Gbogbo ará sítọ́ọ̀ ló mọ ìwà bátìrì. Èyí tó ti kú, bó bá sinmi pẹ́, ó máa ń sọjí fúngbà díẹ̀, bí aláìsàn tó ṣàdédé dìde jókòó tó ní òun fẹ́ jẹun, tí ọkàn gbogbo ilé wá balẹ̀, kó tó dákẹ́. Tọ́ọ̀ṣì yìí sì ti ń sinmi látìgbà tí wọ́n ti sin olówó rẹ̀.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Iná là lójú ògiri, ó mọ́lẹ̀ débi pé akọ̀wé fọwọ́ bojú.

"Ṣé ẹ rí i? Ó ń tàn," ni alága wí.

Opó náà yíjú sí ọ̀gá sítọ́ọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àti ọkọ mi jọ mọwọ́ ara yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sẹ́ni tó ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ látìgbà náà?"

"Bí wọ́n ṣe gbé e wá fún mi náà ló wà, ìyàwó wa. Mo lè búra."

Òótọ́ ni. Kò tíì sọ òótọ́ tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Iná náà ti ń pọ́n létí. Òun nìkan ló ṣàkíyèsí.

"Ká pa á, kí bátìrì má baà ṣòfò," ló wí, ó sì pa á.

Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́tìnì, opó náà ti kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọmọ tuntun wa kì í jẹ́ kó sùn lọ́sàn-án. Èmi ló yẹ kí n gbọ́mọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi forí jì í."

"A ti forí jì í, màdáámú. Ẹ dìde."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀gá sítọ́ọ̀. Kò purọ́ ìyẹn fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi tọ́ọ̀ṣì há abíyá.

Ìyá olóògbé wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ti ń sọ fún pé ọmọ òun kì í ṣe ọ̀lẹ.

"Màmá, ó tàn," ni opó náà wí. "Lójú mi báyìí ló tàn."

"Ó tàn kẹ̀?"

"Ó tàn, Màmá."

 Ìyá náà gbójú sókè, ó rí ọ̀gá sítọ́ọ̀ tó dúró pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lábíyá, tí kò rí ọ̀nà kọjá.

"O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. "O ò jẹ́ ká máa parọ́ kiri nítorí òkú."

Ó di ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sì lọ sílé lọ di ẹrù.