Ẹni Tí Ń Ṣọ́ Èémí

Kí ìjọba tó fàyè gba títa oògùn olóró tí àbúrò mi ọkùnrin ń lò, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni mo máa ń jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí Ọ̀gá Kọ́nà, ọkùnrin tí ń ta oògùn náà ní bòńkẹ́lẹ́ ládùúgbò wa, ń pò mọ́ ìyẹ̀fun tí ó ń tà fún un. Ti òní lè má lágbára, kí ti ọ̀la pààyàn. Nítorí náà, bí ó bá ti lò ó, n ó fi iṣẹ́ ìránṣọ mi sílẹ̀, n ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà, kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Àwọn ẹbí ti takété sí wa.

Nígbà tí ilé oògùn ìjọba ṣí, nǹkan yí padà. Bí mo ti gbọ́ ọ, bí n kò bá ṣì í gbọ́, agbára oògùn ibẹ̀ kì í yí padà, nọ́ọ̀sì ni ó sì ń ṣọ́ àwọn tó ń lò ó níbẹ̀. Ara àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í mókun. Ọkàn mi balẹ̀, ṣùgbọ́n ilé dá páropáro.

Ọ̀gá Kọ́nà kò káwọ́ gbera. Bí ọjà rẹ̀ ti kùtà, ó já iye rẹ̀ wálẹ̀ ju ti ìjọba lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àbúrò mi ju ọ̀rá kékeré kan tí ìyẹ̀fun Ọ̀gá Kọ́nà wà nínú rẹ̀ sórí aṣọ tí mo ń rán lọ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ kò yá, pé ti ìjọba ti wọ́n jù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó tì mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ojú tí nọ́ọ̀sì yẹn fi ń wò mí, ẹ ó rò pé mo jí ṣíbí rẹ̀ ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wá mi. Mo ti dìde nídìí ẹ̀rọ kí ó tó yé mi pé ohun tí ó lè pa á ni ó ń dùn mọ́ mi. Ọwọ́ mi lè mọ̀ pé èémí ti dá. Kò lè dá a padà.

"Jẹ́ ká lọ," ni mo wí. "Èmi ni n ó san tòní."

Ó bẹ̀ mí títí, ó fi mí ṣẹ̀sín pé mo ti di ìyàwó ìjọba. Mo da ìyẹ̀fun náà sómi, a sì jọ lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì ní ẹbí kì í wọlé. Àbúrò mi wọlé, kò bojú wẹ̀yìn. Mo béèrè bóyá mo lè dúró. Nọ́ọ̀sì ní kò séwu mọ́, kí n kúkú máa lọ sílé.

Mo jókòó sórí àga gígùn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta.